Aṣọ́komásùn Abẹ́-Àpáta

Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí di aṣọ́komásùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Abẹ́òkúta ló wá wò mí. Wọ́n jókòó sórí àpáta láti ìdí dé òkè, nítorí Abẹ́-Àpáta, pápá tiwa, kò ní àga, kò sì ní òrùlé. Àpáta ni àga wa, ẹni tí oòrùn bá pa kó lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi dúró lápá ọ̀tún, níbi tí ìlà funfun ti pàdé koríko gbígbẹ, mo na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.

Láàárín pápá, Múnírátù ọmọ Ẹ̀pẹ́ gbá Ọláwẹ̀mí balógun wa mú nídìí, ó sì gbé e lulẹ̀ gbì. Ìgbà kẹrin nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé wa lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìjẹ́ pé a gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà wọn, a ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn kí àwọn náà gbìyànjú tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá ṣe rí láti ìgbà àwọn tó kọ́kọ́ gbá a. Òfin ti yí ohun gbogbo padà láyé yìí, ṣùgbọ́n kò tíì yí ìyẹn. Múnírátù bẹ̀rẹ̀, ó fa Ọláwẹ̀mí dìde, ó gbọn koríko kúrò léjìká rẹ̀. Ní pápá mìíràn, ẹni tó bá ṣubú á dá dìde. Ní Abẹ́-Àpáta, ẹni tó gbé ọ lulẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ọ dìde, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ àlejò. Bí o bá kọ̀, àwọn ará orí àpáta á dákẹ́ fún ọ, ìdákẹ́jẹ́ wọn sì burú ju èébú lọ.

Bí Ọláwẹ̀mí ṣe dìde ni ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ tàn yẹ̀rì. Àwọ̀ ìyeyè tó wà níbẹ̀ tún ṣókùnkùn sí i, ó ń súnmọ́ pupa. Ìwọ̀n tó ń fò lókè orí wa, tó tóbi tó igbá, tó ń kùn bí oyin, ti ka ìkọlù yẹn mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó mọ iye ìkọlù tí Ìwọ̀n yàn fún òun láyé. Ẹ̀gbà ọrùn nìkan ló ń sọ ọ́ fúnni. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń di ìyeyè bí eegun rẹ bá ti rí nǹkan, ọjọ́ tó bá sì pupa, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó kọ lù ọ́ mọ́, ìwọ náà kò gbọdọ̀ kọ lu ẹnikẹ́ni. Tèmi ti pupa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ mọ́ mi lọ́fun, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka síbẹ̀ kó má baà gbàgbé mi.

Wọ́n kọ ọ́ sí ikùn Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé: OJÚ Ọ̀RUN TẸ́YẸ FÒ LÁÌFARA KANRA. Òwe gidi ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe Òfin Ara, òfin tó so ẹ̀gbà yìí mọ́ wa lọ́rùn, ló fi dẹ́rù bà wá.

Kí ni mò ń ṣe lórí pápá nígbà náà? Ìkọ́ tó bá ọyẹ́ ọdún yẹn wá ló fà á. Ó da ẹgbẹ́ wa, Ẹfọ̀n Abẹ́-Àpáta, rú, ó sọ àwọn kan sórí ibùsùn, àwọn kan ò sì rí èémí sá eré. Ìdíje tó kù ní pápá wa lọ́dún náà kò ju ẹyọ kan lọ, èyí tá a ń gbá pẹ̀lú Ọ̀nì Ẹ̀pẹ́ yìí. Òfin Ilẹ̀ Tó Ń Sùn sì sọ pé ilẹ̀ tí kò bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún kí ọdún tó yí po, ìjọba á gbà á, wọn á fún ẹni tó lè jí i. Ìdíje kan péré tó pé, mẹ́tàlá sí mẹ́tàlá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni yóò jí ilẹ̀ tiwa. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ aronú ti ń wo abẹ́ àpáta wa pẹ̀lú ojú ọ̀kánjúwà, torí pé ibẹ̀ tutù, ẹ̀rọ wọn ò sì fẹ́ràn ooru. Kódà wọ́n ti gbin èèkàn wọn sẹ́yìn ìlà, bí ẹni tó ń wọn sàréè aláìsàn tó ṣì ń jẹun.

Méjìlá péré nínú wa ni ara wọn dá tí ẹ̀gbà wọn ò pupa. Kóòṣì Ṣólàrú wá lọ bá kóòṣì Ẹ̀pẹ́ nídìí ọkọ̀ wọn, ó bẹ̀ ẹ́ pé òun á fi mí ṣe ẹni kẹtàlá, kí wọ́n má ṣe gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Òfin ò ní kí ẹlẹ́gbà pupa má dúró lórí pápá. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà. Ọ̀sà ti gbé pápá tiwọn mì láti ìgbà tí Múnírátù wà lọ́mọdé. Inú àpò ni wọ́n ń kó àsíá igun pápá wọn sí kiri, wọ́n á rì í mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n á tún fà á tu nírọ̀lẹ́. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí pápá ẹlòmíràn lọ.

Ètò náà dára. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ pé ó dára. Ẹsẹ̀ òsì mi, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ti ìjọba ni. Ògiri ló wó lu tèmi lọ́dún tí ìkún omi bo Lafẹ́nwá, ìyá mi sì fi ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀n mí lọ sílé ìwé, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí ilé ìgbẹ́, títí mo fi ga jù ú lọ. Ìgbà tí wọ́n fún mi lẹ́sẹ̀ ìjọba, mo sùn tì í bí ọmọ ṣe ń sùn ti bèbí. Ó mọ òtútù, ó mọ ìgbóná, ó mọ ìgbà tí koríko bá sẹ ìrì. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi di agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún. Bí ẹlẹ́gbà pupa bá sì kọ lu ènìyàn, Òfin Ara kì í nà án, kì í tì í mọ́lé. Ohun tí wọ́n á sọ fún un ni pé ara rẹ̀ ti di tirẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìjọba ti yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ, wọn á sì kó gbogbo ohun tí wọ́n fi sí ọ lára lọ. Mo mọ obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n gba ojú kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kí i pé ó dàbọ̀.

Nítorí náà mo dúró. Bọ́ọ̀lù kan já bọ́, ó yí gbirigbiri wá sí iwájú mi. Mo wò ó, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó sáré tẹ̀ lé e náà dúró, ó ń wò mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un nínú àwa méjèèjì kí ara wa má baà kanra. Ó yí lọ títí ó fi kọjá ìlà, rẹfirí fọn fèrè. Ohùn kan wá láti orí àpáta pé, “Ìbíwùnmí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹyẹ kankan ò tíì jẹ àgbàdo wa.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun, àní títí kan eegun tí kì í ṣe tèmi.

Nígbà ìsinmi, a wọ yàrá wa tó wà nínú ihò àpáta. A ò tíì mu omi tán tí Ọ̀gbẹ́ni Máyùngbé fi wọlé. Òun ni aṣojú Òfin Ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tín-ínrín kan tó wọ kọ́là tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lọ́rùn. Kò gbéra ga rárá. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi Ọláwẹ̀mí pé èjìká rẹ̀ ńkọ́, kó tó wá sọ ohun tó gbé e wá.

“Ẹ má bínú sí mi,” ló wí. “Ìwọ̀n ka ènìyàn méjìlá lọ́dọ̀ yín. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, tí òun náà ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù lójú òfin. Igi ni.”

Kóòṣì Ṣólàrú ní ṣé kò rí i bí mo ṣe ń sáré tẹ̀ lé ìlà lọ sókè sódò ni. Máyùngbé dá a lóhùn pé igi náà a máa mì bí atẹ́gùn bá fẹ́. Kóòṣì bínú, ó sọ̀rọ̀ ìyá àti baba, ó sọ̀rọ̀ èèkàn tí wọ́n gbìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó ní bí eré bá parí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ń sùn ni òun máa sọ, òun ò sì ní inú dídùn sí i.

Mo bi í léèrè, “Bí mo bá kọ lu ẹnì kan ńkọ́?”

Ó wo ẹ̀gbà ọrùn mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. “Ilẹ̀ yín á jí,” ló wí. “Ara yín á sì di tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn bí àbúrò, ẹ má ṣe é. Ilé-iṣẹ́ náà ti ṣèlérí pé àwọn á tẹ́ koríko sórí òrùlé ilé ẹ̀rọ wọn fún yín. Ó rọ̀ ju èyí lọ. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.”

Ó jáde. Kóòṣì Ṣólàrú ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní ẹni tí a máa sun jẹ kì í fepo para jókòó sídìí iná, kí n bọ́ aṣọ, kí n wẹ̀, kí n máa lọ sílé, òun á lọ sọ fún Ẹ̀pẹ́ pé ó ti tán. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbà, gbogbo wọn, kí pápá náà lọ, láìbi mí. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Síbẹ̀ inú bí mi gidigidi. Ta ló ní kí wọ́n bá mi fi pápá mi ṣàánú mi?

Ìyá mi ti sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ihò náà. Ó ti gbọ́. Kò sí ohun tí wọ́n ń sọ nínú ihò náà tí wọn kì í gbọ́ níta. Ó fi ọwọ́ pè mí.

“Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti sú ẹ ni?” ló bi mí.

“Kò sú mi, Màámi. Àánú ló sú mi.”

Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó ní kí n mọ̀ o, ẹ̀yìn òun kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, èmi náà kì í sì í ṣe ọmọ kékeré mọ́, bí mo bá ṣubú nílé kí n má ṣe pariwo pe òun láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá yí padà, ó tún ń gun àpáta lọ. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà ju ìgbàkígbà lọ. Mo rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí sí ẹni tó ń fi ìdí wọ́. Mo rántí pé ẹnu ọ̀nà ilé wa ga. Ká ní ẹnì kan bi mí lákòókò yẹn pé kí ni mo fẹ́, ẹsẹ̀ ni ǹ bá mú. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ aṣọ́komásùn fún ìdajì eré kan, mo sì rí i kedere pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ yẹn rìn kúrò níbẹ̀, aṣọ́komásùn náà ni màá jẹ́ dé ilé, dé ọjà, dé ojú oorun. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ kú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà.

Mo sọ fún Ọláwẹ̀mí pé bí a bá padà, kó ju bọ́ọ̀lù sí mi.

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó gbá mi lójú nídìí ọ̀rọ̀ náà, nínú ihò tí Ìwọ̀n kì í wọ̀, torí àwa méjì ti ń jọ gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ẹ̀gbà ọrùn wa ṣì tutù bí ewé ọ̀dúndún. Lẹ́yìn náà ló ní, ó dáa, òun á jù ú.

Ó sì jù ú. Mo gbá a mọ́ àyà, mo kọjú sí àwọn ará Ẹ̀pẹ́, mo sáré. Ẹ̀yin ará mi, wọ́n sá fún mi! Àwọn obìnrin tí wọ́n lè gbé akọ màlúù ṣubú, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, bí adìyẹ tí mọ́tò já sí láàárín. Mo yí sí ẹnì kan, ó fò sẹ́yìn. Mo yí sí òmíràn, ó dojú bolẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n má baà kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mo sáré kọjá gbogbo wọn dé ẹ̀yìn ìlà, mo sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Àmì ayò ni. Àwọn ará orí àpáta hó yèè. Rẹfirí fọn fèrè, ó na ọwọ́ sókè. Ìwọ̀n fò wá sórí mi, ó kùn díẹ̀, ó sì padà lọ síbi tó ti wá. Kò ka ohunkóhun sí mi lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá eré yìí sílẹ̀, mi ò rò pé ẹnì kan ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà tó sì jókòó tì í, tó ń sunkún bí èmi.

Mo dìde, mo nu ojú, mo lọ bá Múnírátù níbi tó dúró sí. Ó ga jù mí lọ, ó gbòòrò jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ni lójú mi, ó sì ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ń sá fún mi?” mo bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi. A ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nínú ihò. A máa padà sílé, a máa sọ fún àwọn èèyàn wa pé àwa la gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín? Mi ò lè ṣe é.”

“Kí lẹ máa wá sọ fún wọn nípa pápá? Pé ẹ ṣàánú wa títí ẹ̀rọ fi bò ó?”

Ó wo àsíá igun pápá. Tiwọn ni wọ́n rì mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí a máa ń gbà wọ́n láàyè, àwọ̀ omi ọ̀sà ni, ó ti ṣá.

“Ṣé ẹnikẹ́ni dúró nígbà tí omi ń bọ̀ sórí tiyín?” mo bi í.

“Kò sẹ́ni tó lè kọ lu omi, ẹ̀gbọ́n.”

“Èyí kì í ṣe omi. Ènìyàn ló kọ òfin yìí, kọ́là sì wà lọ́rùn ẹ̀. Dúró síwájú mi, Múnírátù. Gbá mi mú bó o ṣe ń gbá àwọn tó kù mú. Má ṣe rọra.”

“Bí mo bá gbé yín lulẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn á kú. Ẹ ò ní lè dìde.”

“Ìwọ lo máa gbé mi dìde. Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n.” Ó yí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ohun kan fún wọn tí mi ò gbọ́, ojú gbogbo wọn sì yí padà. Wọ́n tún di ọ̀nì.

Ẹ̀pẹ́ ló gbá bọ́ọ̀lù padà sí wa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jẹ ayò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ọláwẹ̀mí mú un, kò wo ojú mi, ó jù ú sí mi láyà. Mo sáré. Mo gbọ́ tí Kóòṣì Ṣólàrú ń pe orúkọ mi láti ẹ̀gbẹ́ ìlà. Ẹsẹ̀ ìjọba ń tẹ koríko, ó ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo sì mọ ilẹ̀ yẹn lábẹ́ rẹ̀, ibi tó le, ibi tó rọ̀, ibi tí òkúta ti yọ orí díẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ náà gan-an lọ́wọ́ yẹn. Múnírátù ń bọ̀ wá pàdé mi. Kò rọra.

Ohùn ìkọlù yẹn dún lára àpáta, ó sì padà wá bá wa. Mo ṣubú sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù láyà, eruku kún mi lẹ́nu. Mo ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí. Ẹ̀gbà ọrùn mi gbóná ràì lẹ́ẹ̀kan, ó sì tutù. Nígbà tí mo gbìyànjú láti fa ẹsẹ̀ òsì mọ́ra, kò dáhùn. Ó ti di ohun tí wọ́n so mọ́ mi.

Múnírátù ti dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fà mí dìde, ó gbọn koríko kúrò léjìká mi, ó sì fi èjìká tirẹ̀ sábẹ́ apá mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí Ọlọ́run fún mi, yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún Ọláwẹ̀mí gẹ́gẹ́ bí òfin eré. Orí àpáta ń hó. Lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, ó sáré padà sí ìlà wọn, nítorí eré ṣì ń lọ.

Mo parí eré náà lórí ẹsẹ̀ kan. Mo ń fò kiri bí ọmọ tó ń ṣeré nínú iyanrìn, mo ń ṣubú, mo ń di aṣọ ẹni tó bá súnmọ́ mi mú. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ò tún yà fún mi mọ́. Ọ̀dọ̀ mi gan-an ni wọ́n ń gbà kọjá báyìí, torí wọ́n ti rí i pé ibẹ̀ ni ìlà wa ti fẹ́lẹ́, bí mo bá sì dì mọ́ ìbàdí ẹnì kan, ó ń wọ́ mi lọ bí aṣọ tó ń gbálẹ̀. Wọ́n gbé mi lulẹ̀, wọ́n sì ń gbé mi dìde. Wọ́n jẹ wá ní ayò méjì lápá ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì nà wá. Ẹ má ṣe retí kí n sọ pé a borí. A ò borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, mẹ́tàlá la wà lórí ìdúró, bí ẹ bá gbà pé ohun tí mò ń ṣe lára Ọláwẹ̀mí jẹ́ ìdúró.

Ìwọ̀n sọ̀kalẹ̀ sáàárín pápá. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i nínú, ohùn tó tutù, tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ilẹ̀ yìí jí.” Ariwo tó sọ lórí àpáta, mi ò rò pé mo lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo rí Kóòṣì Ṣólàrú tó ń fa àwọn èèkàn ilé-iṣẹ́ náà tu, ó ń jù wọ́n sínú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ náà tún sọ̀rọ̀. “Ìbíwùnmí Ṣówándé, ara rẹ ti di tìrẹ.” Ẹ̀gbà ọrùn mi já, ó bọ́ sílẹ̀ síwájú mi. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lọ́fun níbi tí kò tíì fẹ́ dé láti ìgbà tí mo ti di agbábọ́ọ̀lù.

Ọ̀gbẹ́ni Máyùngbé wá pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera kan tó gbé àpótí funfun dání. Ó bẹ̀ mí pé kí a lọ sínú ihò, kí ayé má baà máa wò mí. Mo ní rárá. Wọ́n ti fi mí ṣe ìran láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn wo èyí náà. Mo jókòó sórí koríko, mo na ẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dúró yí mi ká, Múnírátù sì jókòó sẹ́yìn mi kí n lè fara tì í.

Òṣìṣẹ́ náà kúnlẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má bínú sí òun. Mo ní mi ò bá a bínú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan yí ibi orúnkún, nǹkan dún kọ́, ẹsẹ̀ náà sì kúrò lára mi. Kò dùn mí. Ẹkún tí mi ò sun níbi ìkọlù ló wá nígbà náà, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Máyùngbé gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e bí ẹni tó gbé ọmọ ìkókó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹlòmíràn á lò ó. Òtítọ́ ló ń sọ, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí oorun kò ní kùn lóru ọjọ́ yẹn. Ó ṣí àpótí. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà kún fún erùpẹ̀ pupa àti koríko pápá wa, ó lẹ̀ mọ́ ọn bíi pé ó fẹ́ bá a lọ.

“Ẹ dúró ná,” mo ní.

Ó yíjú sí mi.

“Ẹ gbọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ni tiyín. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tiwa ni.”

Ó wò mí, ó wo gbogbo àwọn tó dúró yí mi ká. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tòun ti kọ́là rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn erùpẹ̀ náà padà sórí pápá.